Kóòṣì Tí Kò Gbá Bọ́ọ̀lù Rí

Inú tẹlifóònù ni Àmínátù ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Pfingsten, ni, lọ́dún 1995, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Mùsbáù wà ní Neukölln ní Berlin, nínú ilé tẹlifóònù ẹ̀bá títì, àwọn ọmọ iléèwé gíga fún mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu gíláàsì. Àmínátù wà ní Altona ní Hamburg, ó ń rẹ́ ilá.

"Ìyá Kúbúrá, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín. Ta ló na ta?"

"N ò ní sọ."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ẹ nà wọ́n ni àbí wọ́n nà yín?"

"Mo ní n ò ní sọ. Jẹ́sì ló máa sọ fún ọ. Mò ń kó wọn bọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Má fi omi kàn wọ́n o, àfi tí mo bá jókòó tì ọ́. Nǹkan kan wà lára ọ̀kan nínú wọn, mo fẹ́ wò ó bóyá wàá rí i."

"Nọ́ńbà mélòó ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí owó fi tán nínú ẹ̀rọ, tí ìlà sì gé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin kan á fi máa fi jẹ́sì ìdọ̀tí pa àlọ́ fún ìyàwó rẹ̀, àfi kó bá wa padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mùsbáù. Ìwé kẹrin ló kà tó fi kúrò níléèwé. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook ló ti ń ṣiṣẹ́, páálì ló ń dì láti àárọ̀ kùtù. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó máa ń rìn bí ẹni tí nǹkan bọ́ lápò rẹ̀ tó ń wá a kiri. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Tí bọ́ọ̀lù bá yí wá síbi tó dúró sí, ọwọ́ ló fi ń gbé e padà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ní sí bọ́ọ̀lù kọjá àfẹnusọ. Gbogbo Sátidé tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní iléèwé gíga Hamburg bá ní ìdíje, òun ló ń gbé àpò jẹ́sì lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Bọ̀ọ̀dá Alápò ni wọ́n ń pè é. Kò bínú sí i.

Ọmọ aláró ni Àmínátù ní tiẹ̀, láti Abẹ́òkúta. Kò jókòó sí kíláàsì tó ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé aṣọ kì í purọ́, ẹni tó wọ aṣọ ló ń purọ́. Ilé ìfọṣọ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ìdí nìyẹn tí jẹ́sì àwọn ọmọ náà fi ń bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó kó wọn sínú ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ tẹ́ wọn sílẹ̀ ní kíṣìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúbúrátù ọmọ wọn á di imú mú, á ní, "Mama, das stinkt!" á sì sá wọlé. Mùsbáù á fa àga, á jókòó.

"Bàbá Kúbúrá, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin yìí. Ẹ wo ìlà iyọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Òógùn gbẹ, òmíràn tún jáde lé e. Ọmọ yìí sáré."

"Mẹ́wàá ńkọ́?"

"Mẹ́wàá? Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Lọ́fínńdà tó fi kúrò nílé láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹni tó sáré nìyẹn?"

Nọ́ńbà mẹ́wàá ni Ọlọ́runfẹ́mi, ààyò gbogbo èrò ẹ̀bá pápá. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi dárà títí wọn á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èrò á sì máa pàtẹ́wọ́ síbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1988, kóòṣì wọn rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó bá tiẹ̀ lọ. Sátidé tó tẹ̀lé e, góòlù méjì ti wọ ilé wọn kí wọ́n tó sinmi, ni Mùsbáù bá rọra sún mọ́ Adéọpẹ́, alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Alága, yọ Ọlọ́runfẹ́mi. Jẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́rin bọ́ síwájú."

Ìrètí ti pin, Adéọpẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n fi dá a padà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n fi Bọ̀ọ̀dá Alápò ṣe kóòṣì.

Ilé bá gbiná.

Ẹgbẹ́ náà ní olólùfẹ́ ju agbábọ́ọ̀lù lọ, ṣọ́ọ̀bù Dúródọlá ní Altona sì ni gbogbo wọn ń pàdé sí, láàárín àpò gàrí àti ẹja gbígbẹ. Oṣù ààwẹ̀ wọlé bá àríyànjiyàn náà, kò pa á. Nùrúdíìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló ń jẹ olórí ọlọ́tẹ̀, ohùn rẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè fi pe ọkọ̀ ojú omi wọlé.

"Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí!" Ó lu káńtà gbàà. "Láoyè wà nílùú yìí. Láoyè tó gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn! Wọ́n fò ó, wọ́n lọ mú alápò!"

"Láoyè wo?" ni Dúródọlá dáhùn, kò gbójú kúrò lára gàrí tó ń wọ̀n. "Láoyè tí ikùn ò jẹ́ kó tẹ̀ ba so okùn bàtà mọ́?"

"Ìrírí ló wà nínú ikùn yẹn, Àǹtí Dúró."

"Bíà ló wà níbẹ̀."

"Ẹ dákẹ́ ẹ̀fẹ̀! Ṣé ẹni tó ń gbé àpò dókítà lè la ènìyàn níkùn?"

"Ìwọ tó ò dáná rí, ṣé o kì í mọ̀ tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀?"

Mùsbáù àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí gbogbo èyí ń lọ. Gàrí ni wọ́n wá rà. Mùsbáù ń wo iwájú bàtà rẹ̀. Àmínátù ń wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọkùnrin yìí joyè ló ti ń gbéra sọ bí ọkọ ìyàwó. Ní gbogbo ọdún tó ti mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó fi í ṣe olórí nǹkan kan rí, kódà olórí ẹni méjì tó ń di páálì. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá gba oyè yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè padà síbi àpò mọ́. Ilé ló máa jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí ojú òun sì rí lára jẹ́sì ló gbé e dé bẹ̀.

Nùrúdíìnì kọjú sí i. "Bọ̀ọ̀dá Mùsbáù, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́ kóòṣì? Ìwé ẹ̀rí yín dà?"

Mùsbáù gbójú sókè. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Kíṣìnì mi ni mo ti kọ́ ọ. Tíṣà mi rèé."

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́: ti iyọ̀, ti ẹrẹ̀, ti lọ́fínńdà. Bí ẹni pé kí Àmínátù kó sínú àpò gàrí ló ń ṣe é.

"Yéè!" Nùrúdíìnì di orí mú. "Alápò gan-an kọ́ ni kóòṣì wa, afọṣọ ni!" Ó na apá méjèèjì síwájú. "Àǹtí mi, ó dáa. Ẹ ka tèmi. Ẹ̀wù yìí ni mo wọ̀ látàárọ̀. Ẹ sọ ohun tí mo ṣe lónìí."

"Nùrú, fi mí sílẹ̀ o."

"Ẹ kà á jàre! Ààwẹ̀ ti gbẹ mí lọ́fun, n ò lágbára àtibẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì."

Àmínátù di etí ọwọ́ ẹ̀wù náà mú, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lò ń gbààwẹ̀?"

"Látọjọ́ kìíní!"

"Epo tó wà níbí ńkọ́?"

"Epo sààrì ni."

"Epo sààrì á ti mu wọnú aṣọ báyìí, á ti kú. Èyí ṣì ń dán. Èèpo ẹ̀wà sì rèé lára bọ́tìnnì. Kò tíì gbẹ."

Dúródọlá kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mo ti ní n ò ní sọ! Ẹ ṣáà rí i pé èmi kọ́ ni mo sọ! Aago méjìlá ààbọ̀, abọ́ ẹ̀wà kan, ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ọ̀hún yẹn ló ti jẹ ẹ́. Ó ní kí n bá òun ṣọ́ ọ̀nà!"

Àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Mùsbáù rẹ́rìn-ín títí tó fi di káńtà mú.

"Inú ló ń run mí," ni Nùrúdíìnì ń wí. "Dókítà ló ní kí n..."

"Dókítà wo? Dókítà ẹlẹ́wà?"

Òun alára bú sẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ó dáa, mo gbà. Àǹtí mọ aṣọ kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Tí àwọn ará Berlin bá nà wá ní Pfingsten, Bọ̀ọ̀dá, ẹ ó gbé oyè yẹn fún Láoyè níṣojú gbogbo wa."

"Mo gbà," ni Mùsbáù wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, kò lè jẹun ìṣínu. Ó mú dàbínù kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Pfingsten ọdọọdún ni ìlú méjèèjì ń pàdé, ọdún mẹ́rin léraléra sì ni Berlin ti ń nà wọ́n.

Àṣà kan sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá gba àlejò ló ń fọ jẹ́sì àlejò, nítorí a kì í jẹ́ kí àlejò gbé ìdọ̀tí padà sílé. Nígbà tí Berlin wá sí Hamburg lọ́dún 1986, ọwọ́ Àmínátù ni jẹ́sì wọn bọ́ sí.

"Bàbá Kúbúrá, kípà wọn yẹn, Fẹ̀sọ̀jayé, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ta ni yóò lé e? Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ka ìwé kan náà."

"Jẹ́sì ẹ̀ nígbà yẹn, ìgúnpá ọ̀tún, ìbàdí ọ̀tún, koríko ti kùn ún di àwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ bó o. Apá òsì mọ́ bí aṣọ ọdún."

Dàbínù bọ́ lọ́wọ́ Mùsbáù. "Kò ṣubú sósì rárá?"

"Ó ti o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá kò sí."

Lọ́jọ́ kejì, Mùsbáù gbé ìborùn pupa ìyàwó rẹ̀ lọ sí pápá, ó so ó mọ́ òpó kan lára ilé bọ́ọ̀lù, ó ní kí gbogbo wọn máa gbá a síbẹ̀. "Òsì kípà o! Òsì tiyín kọ́!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ní orí kóòṣì ti dàrú.

Nígbà tí Pfingsten dé, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹran ṣì wà nílé, ara àwọn ènìyàn yá gágá. Berlin ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Nùrúdíìnì kígbe sí Láoyè pé kó bọ́ kóòtù sílẹ̀, oyè ti ń bọ̀. Mùsbáù ò wo ẹnì kankan. Ó bọ́ sétí pápá, ó sì ju ìborùn pupa náà sí èjìká ara rẹ̀, èjìká òsì. Àwọn ọmọ rí i.

Góòlù kìíní gba ẹ̀gbẹ́ òsì Fẹ̀sọ̀jayé wọlé. Ìkejì gba ibẹ̀. Nígbà tí ìkẹta máa wọlé, Ọlọ́runfẹ́mi tí gbogbo ayé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà rẹ̀ ló sáré láti àárín pápá, tó ń làágùn bí ẹni tó ń rokó, ó sì gbá a síbẹ̀ náà. Fẹ̀sọ̀jayé dúró, ó ń wo òsì rẹ̀ bí ìlú tí wọn ò fún un ní físà rẹ̀.

Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Nùrúdíìnì ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Ó gba àpò jẹ́sì, ó gbé e rù, ó sì gbé e láti pápá dé ibùdókọ̀ ojú irin S-Bahn, àwọn òyìnbó ń wò ó. "Ẹ yà lọ́nà fún alápò! Kóòṣì ń bọ̀ lẹ́yìn!" Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbé e. Àwọn ará Berlin ní tiwọn gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí ará Hamburg kankan fọ jẹ́sì wọn mọ́ láéláé; láti ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìdọ̀tí tirẹ̀ padà sílé. Àpò tí wọ́n fi àgádágodo tì ni àwọn ará Berlin ń kó tiwọn sí.

Ọlọ́runfẹ́mi tún ya ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan, ó sì bu ẹrẹ̀, ó fi pa jẹ́sì rẹ̀ láyà. Àmínátù rán Mùsbáù sí i: "Ẹ sọ fún un pé ẹrẹ̀ tí a fọwọ́ pa kì í wọnú òwú bí èyí tí a ṣubú sí. Ẹ ní mo kí i." Ọmọ náà wá dọ̀bálẹ̀ ní kíṣìnì, ó sì jẹ ìrẹsì kó tó lọ.

Ọdún méje ni Mùsbáù fi jẹ́ kóòṣì. Àwọn ọmọ ń gboyè, wọ́n ń lọ, àwọn tuntun ń dé, gbogbo wọn ni Àmínátù sì mọ̀ láti ara jẹ́sì kó tó mọ ojú wọn. Wọ́n nà, wọ́n sì nà wọ́n. Ní Billbrook, páálì ló ṣì ń dì. Ṣùgbọ́n tó bá ń rìn bọ̀ ní Altona, kò tún jọ ẹni tó ń wá nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì tó pe tẹlifóònù láti Neukölln, bọ́ọ̀sì gbéra ní Berlin lọ́sàn-án. Mùsbáù fi orí ti fèrèsé, ó ní kí Nùrúdíìnì jí òun tí wọ́n bá ti wọ Hamburg. Nùrúdíìnì jí i. Kò jí.

Nùrúdíìnì ló gbé àpò náà wá sílé. Ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í.

Wọ́n sọ fún Àmínátù lẹ́yìn náà pé àwọn ló borí, méjì sí ẹyọ kan. Wọ́n sọ ẹni tó gbá a wọlé àti ẹni tó fara pa. Ó bi Nùrúdíìnì, ó bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Mùsbáù rí lára jẹ́sì kan. Ẹgbẹ́ ti ra jẹ́sì tuntun. Ọdún kẹta rèé tí àwọn ti àtijọ́ ti wà nínú àpò, ọmọ aláró sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìdọ̀tí tó bá pẹ́ lára aṣọ kì í bọ́ mọ́.

Àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Kò tíì ṣí i, kò sì tíì fọ̀ wọ́n.