Òdòdó Tó Ń Sùn Níwájú Ilé Màmá

Títí di òní, bí mo bá rí òdòdó oníke níbikíbi, mi ò kì í lè jókòó tì í. Mo rí i lórí tábìlì kan ní báńkì lọ́jọ́sí, mo dìde, mo lọ jókòó síbòmíràn. Àwọn èèyàn á ní àṣejù ni. Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ayétòrò.

Télọ̀ ni mí. Ìlaró ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo padà lọ bá wọn gbé nílé. Dókítà ti sọ fún wa pé ohun tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà, àti pé ìyókù yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Màmá kò rí ojú èèyàn mọ́, ohùn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Àmọ́ bí mo bá ń rán aṣọ pupa tàbí aṣọ aláwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á yí ọrùn sí i. "Pupa lèyí," wọ́n á ní, ẹ̀rín á sì gba ẹnu wọn kan. Ibẹ̀ ni èrò ọgbà ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo pète rẹ̀ bí mo ṣe ń pète aṣọ kí n tó mú sísọ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ sí ìgbà kan láàárín ọdún tí àwọ̀ kan tó le kò ní sí níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àga Màmá wà. Ìdò olódòdó pupa ni mo gbìn fún àárín òjò. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó di ti òdòdó ìyeyè tó máa ń bo ẹ̀bá títì, èyí tí àwọn kan ń pè ní jogbo. Mo gé igi rẹ̀ wálé, mo rì í mọ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń fi ọwọ́ ara mi gbin igbó. Ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ti òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun ògiri. Mi ò gba funfun láyè rárá, nítorí Màmá kò lè rí i.

Òjò àkọ́rọ̀ nìkan ló kù, oníbàárà mi kan ní Ìpókíá ló sì yanjú rẹ̀. Ó fún mi ní òdòdó kan láti inú oko rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Bí òjò bá ti dá, ewé rẹ̀ á kú pátápátá, ẹni tó bá débẹ̀ á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, orí pupa roboto á ta jáde látinú ilẹ̀ kí ewé tó yọ. Ọdún tó kọ́kọ́ yọ, Màmá pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sáré jáde, mo rò pé wọ́n ṣubú ni. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń retí lọ́dọọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Ìdírókò. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ló máa jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn àna sì ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ nílé wa bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ iwájú ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí ewé bá hù níbẹ̀, wọ́n á ní onílé ti kú, tàbí pé ejò ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ tó dán bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, òun là ń pè ní ilé ọmọlúàbí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó fi bàtà tẹ ibi tí òdòdó òjò àkọ́rọ̀ wà.

"Ibí yìí ṣófo," ó ní.

"Kò ṣófo, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń sùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, èmi ò fọ́jú. Iyẹ̀pẹ̀ ni mò ń wò."

Mo lọ sí Ìlaró lọ parí aṣọ ìgbéyàwó kan. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo iwájú ilé ti di íńtálọ́ọ̀kì, òkúta tí wọ́n tò mọ́ra wọn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé títì. Wọ́n ti hú ìdò àti jogbo dànù. Wọ́n ti gé ẹlẹ́gùn-ún mọ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sọ kùkùté rẹ̀ di ilé ìtọ̀. Òdòdó oníke tí ẹ̀gbọ́n mi kó bọ̀ láti Kútọnú kún inú àwọn ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pupa, búlúù, àti àwọ̀ ewé kan tí Ọlọ́run kò dá rí. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń rùn bí bàtà rọ́bà.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ẹ̀gbọ́n mi ní, ó ń fọwọ́ pa ikùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ìyá mi lè rí mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Orí ààtàn lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sí, tòun ti ìdí òdòdó mi. Mo lọ síbẹ̀ pé kí n ṣà wọ́n. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, egungun adìyẹ, ìrẹsì tó ti ń hó, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eṣinṣin sì ń kùn lórí gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, èébì gbé mi, mo nàró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gbé mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Màmá ní kí n gbé àga àwọn síta. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ibi tí wọ́n máa ń kọjú sí.

"Pupa yẹn ti yọ?"

Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wá ṣètò ilé de àwọn àna, di ọwọ́ Màmá mú, ó gbé e lé òdòdó oníke. "Òun nìyí, Màmá. Ó ti yọ."

Màmá fi ìka pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró wọn.

"Èyí ò lè rọ láéláé," wọ́n sọ fún mi. "Gbé mi lọ síbi tí nǹkan ti ń rọ."

Kò síbi tí òkúta ò dé mọ́ àfi ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo gbé wọn lọ, ojú sì ń tì mí nítorí òórùn. Àfi bí Màmá ṣe na ọwọ́ síwájú. "Òun nìyẹn!" Mo wò ó. Lórí ààtàn, láàárín ọ̀rá àti egungun, orí pupa roboto ti ta jáde, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ibẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí lójoojúmọ́ títí àwọn àna fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n padà síwájú ilé, wọn ò gbà. Wọ́n ní kí àwọn àna wá kí àwọn níbi tí àwọn wà. Báyìí ni àwọn àna ṣe fi bàtà tó ń dán kọjá lórí íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n yí ilé ìdáná po, wọ́n kúnlẹ̀ létí ààtàn. Ìyá ọkọ ìyàwó fi ìborùn bo imú.

"Ẹ káàbọ̀ o," Màmá ní. "Ẹ bá mi wo pupa yẹn dáadáa. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní rí i mọ́."

Wọ́n ń wò ó, eṣinṣin ń bà wọ́n létè. Èébì ń gbé èmi náà, ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́yìn àga Màmá, mo dì í mú gírígírí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e kúrò níbẹ̀.