Renzo Kò Gbọdọ̀ Bẹ̀bẹ̀

Renzo fi ìka kan pa ìlẹ̀kùn mọ́tò eré ìje náà lára, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i.

"Ojú fèrèsé là ń gbà wọlé," ni Darlene, ọ̀gá tuntun rẹ̀, wí.

Mọ́tò eré ìje aláìlórùlé, tí táyà rẹ̀ yọ síta gbangba, ni Renzo ti ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kan ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa fọ́. Ní North Carolina níbí, alórùlé ni wọ́n ń wà, wọ́n sì ń fi mọ́tò gbá ara wọn nídìí bó ṣe wù wọ́n. Bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe lónìí, Darlene á gbà á síṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Wendell, àgbà awakọ̀ kan, dí i lọ́nà.

"Gbá a nídìí!" Darlene pariwo sí i létí láti inú rédíò.

Renzo gbá a, ó kọjá, ló bá dẹ eré, ó ń juwọ́ ẹ̀bẹ̀ sí bàbá náà. Gbogbo awakọ̀ tó kù sì yà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré, Wendell wá bá a. "Ta ló ní kó o máa bẹ̀ mí níwájú ìyàwó mi? Ṣé arúgbó ni mo jọ lójú ẹ?"

"Ẹ má bín..."

"Renzo!" Darlene jágbe.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Bàbá, bẹ́ ẹ bá tún dí mi lọ́nà, màá tún gbá yín ni."

Wendell bú sẹ́rìn-ín. Darlene ní, "Mọ́tò náà di tìẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Máa lọ sùn."

Renzo fi akoto há abíyá. Èjìká rẹ̀ gbá ọkùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì àti sọ́séèjì. Kò bẹ̀ ẹ́, kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn ń yára lọ.