Ebè Ọmọ Ọdún Márùn-ún

Ní ọdún tí mo jáde ní yunifásítì ní Ìbàdàn, tí mo padà sílé wa ní Èbúté Mẹ́ta láìtíì ríṣẹ́, bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lé mi lọ́wọ́. Mẹ́ta ni wọ́n: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin ọmọ ọdún méje, àti àbíkẹ́yìn, obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún.

Bàbá ní, "Bí kò bá yé wọn, a jẹ́ pé ìwé tí o kà ò wọ̀ ọ́ lára nìyẹn."

Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mo múra sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò.

Òwe afúnrúgbìn ni mo yàn, níbi tí irúgbìn ti jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí ẹyẹ tó ń ṣà á jẹ sì jẹ́ Sàtánì. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí náà mo kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A fọ́n àgbàdo sójú ọ̀nà tí gbogbo ará ilé ń gbà lọ sí balùwẹ̀. Kí a tó yíjú padà, àwọn adìẹ ti ṣà á jẹ tán.

"Sàtánì ti dé!" Àwọn ọmọ ń lé adìẹ kiri títí ìyàwó onílé fi yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ọmọ onígbàgbọ́, èwo ni ti Sàtánì nínú adìẹ mi?"

A fọ́n díẹ̀ sáàárín òkúta. Nígbà tó kan ilẹ̀ rere, mo kọ ebè kéékèèké mẹ́ta, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ọgbọ́n ńlá: "Ebè yín yìí, ọkàn yín nìyẹn."

Àgbàdo ọwọ́ mi tán kó tó kan àbíkẹ́yìn. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo bu díẹ̀ nínú èyí tí ìyá mi rẹ sínú ìkòkò. Mo ti kà á nínú ìwé pé irúgbìn tí a bá rẹ sómi máa ń tètè hù. Inú mi tiẹ̀ dùn pé tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ. Tirẹ̀ ò yọ. Lọ́jọ́ keje, kò sí nǹkan kan.

"Ọkàn tìẹ, òkúta ni!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí. Mo bá a wí, àmọ́ èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọmọ náà níbi tó lóṣòó sí nídìí ebè rẹ̀. Ó ti ṣa gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àdúrà ni.

"Èmi ni mo lá súgà Màmá. Èmi ni mo já bọ́tìnnì yẹn. Mo sì yọ ahọ́n sí ìyàwó onílé."

Ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún erùpẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù ló kù. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò sì ṣe é rí.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí asẹ́. "Màmá, kí ló lè mú kí àgbàdo tí a rẹ má hù?"

"Èwo lo gbìn?"

"Èyí tó wà nínú ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Àgbàdo ògì! Omi híhó ni mo dà lé e lórí kó lè tètè rọ̀. Òkú lo lọ sin, ọmọ yunifásítì!"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni irúgbìn náà. Bí mo bá wá sọ pé irúgbìn ti kú, kí ni ọmọ náà yóò gbà gbọ́? Ìtìjú sì tún ń mú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún kan wà lẹ́yìnkùlé tó gbà pé ọkàn òun ò dára, èmi ni mo sì fà á. Mo padà lọ lóṣòó tì í.

"Ọkàn rẹ kọ́. Àgbàdo yẹn ti kú kí n tó fún ẹ. Èmi ni mo ṣì í mú."

Ó gbójú sókè. "Bùrọ̀dá, ṣé Ọlọ́run náà máa ń ṣì í mú?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bùrọ̀dá."

Bó ṣe dárí jì mí nìyẹn, láìbéèrè nǹkan kan. Ojú tì mí láti dìde.

Ìyá mi fún un ní àgbàdo gbígbẹ, ọmọ náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bàbá mi ló ké sí wa. Ewé kan ṣoṣo ti yọ, ó ru erùpẹ̀ díẹ̀ sórí. Mo lè ya àwòrán bí irúgbìn ṣe ń hù, mo lè dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé mi ò rí i rí. Bàbá ṣí fìlà.

Ọmọ náà kò fò, kò sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe dáadáa, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ewé náà bí a ṣe kọ́ ọ láti máa kí àgbà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o."