Ẹ̀rọ Tó Gba Omi Àdúrà

Ọlọ́runbùnmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ilé wọn. Ajúè ni wọ́n bí i sí, láàárín oko kòkó. Bàbá rẹ̀, Ọlọ́runtóbi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀, Elizabeth, ni Ìyá Àdúrà ní ilé ìsìn Aládùúrà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Ní ọdún 1961, ọmọ ogún ọdún ni Bùnmi, ó sì wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà létí Odigbó. Ó ku ọdún kan kó gba ìwé ẹ̀rí.

Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó bá rí sí. Kì í fi han ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sọ ní gbọ̀ngàn, Yorùbá inú ìwé ní kíláàsì, ṣùgbọ́n tí omi tútù bá kan ẹnikẹ́ni lára ní ilé ìwẹ̀, èdè ìyá rẹ̀ ló fi ń ké. Ó tún kọ ọ́ pé nígbà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, kò sí ẹni tó dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ pé, "Èmi kọ́ nìyẹn."

Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi kọ́ bí wọn yóò ṣe pe Gẹ̀ẹ́sì. Ó tó àpótí bàtà méjì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ló ń jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé, tó ń kọ́ wọn ní èdè, fi Bùnmi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í yá jù.

Nínú oṣù kọkànlá, ìròyìn dé pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sì fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé ronú títí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó pe Bùnmi.

"Ìyá bàbá rẹ ṣì wà láyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ gba ohùn rẹ̀ wá. Kó sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ilé-ìwé yóò gbé síwájú ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ kó gbọ́ nǹkan mìíràn."

Ọ̀gá àgbà kò fẹ́ ẹ. Ó ṣí ìwé ẹ̀rọ náà, ó ní kí Bùnmi buwọ́ lù ú. Ó wò ó títí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.

"Bí o bá bà á jẹ́," ó ní, "má wulẹ̀ padà wá."

Tàwàkálítù, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, bá a fi ìró wé ẹ̀rọ náà.

"O pọn ọ́n bí ọmọ," ó ní. "Tó bá ké lọ́nà, kí lo máa fún un?"

"Bátìrì."

Ó wọ lọ́rì dé Orẹ̀, ó wọ òmíràn dé Ajúè. Orí itan rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí ó délé, ó wá ibi tó mọ́ jù lọ nínú ilé láti gbé e sí. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré tó wà ní pálọ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ aṣọ funfun sí.

Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun nínú ilé náà, orí tábìlì yẹn ni wọ́n ń gbé e sí: àdá tuntun, aṣọ ọmọ tuntun, àpótí tí Bùnmi fúnra rẹ̀ gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá gbé nǹkan síbẹ̀ ti sọ pé kí Ìyá Àdúrà bá òun gbàdúrà sí i. Kò tún nílò kó la ẹnu. Bùnmi mọ èyí láti kékeré. Ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mú un gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé ẹ̀rọ náà jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Oyèlọlá, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ka orúkọ àwọn igi tí wọ́n gé lulẹ̀ kí oko kòkó tó wà. Ó ka ogójì ó lé. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tí Bùnmi kò gbọ́ rí. Nígbà tí ó parí, Bùnmi yí okùn ohùn, ìyẹn téépù inú ẹ̀rọ náà, padà sẹ́yìn, ó jẹ́ kí màmá gbọ́ ara rẹ̀ títí dé òpin.

"Ta nìyẹn?" màmá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Ìyá arúgbó nìyẹn."

Bùnmi rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ti parí. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà sórí tábìlì, ó sì lọ wẹ̀ ní odò.

Nígbà tí ó dé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, láìwọ bàtà, ìgò omi àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò náà ti dé ìdajì. Omi ń kán láti etí tábìlì sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà, níbi tí ohùn ń gbà jáde, kún fún ihò wẹ́wẹ́, gbogbo ihò náà sì ń dán.

Bùnmi sáré débẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó yí i dojú bolẹ̀. Omi dà jáde.

"Kí ló dé?" ìyá rẹ̀ béèrè. "Ohun tó ń gba ohùn ènìyàn sínú, ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ohùn màmá ló gbà yẹn."

"Ìyá mi, ti ìjọba ni."

"O gbé e sórí tábìlì."

Bùnmi gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Okùn ohùn náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Wọ́n ní tí mo bá bà á jẹ́, kí n má padà wá," ó ní.

Ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ Elizabeth. Ó rọra gbé e sílẹ̀. "Jẹ́ kí n gbé e sétí iná," ó ní.

"Ẹ má gbé e sétí iná." Ọlọ́runtóbi ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti oko dé. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ilẹ̀ tó tutù. "Kòkó tí a bá fi iná yá, ìta ni í gbẹ. Inú rẹ̀ á máa bu. Gbé e wá."

Ó yọ àwọn bátìrì. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó kó àwọn ìṣó kéékèèké tó dè é sínú ìkarahun ìgbín. Bùnmi yọ okùn ohùn, ó fi aṣọ nù ún, ó sì sá a sí ibòji. Bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà sórí ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, ó ti àwọn kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó tì í. Bí ó bá ti yí kòkó, á yí ẹ̀rọ náà. Bí oòrùn bá mú jù, á fi ewé ògẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, òjò ṣú láti apá Agbábù. Gbogbo ará ilé sáré. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọlọ́runtóbi gbé nǹkan mìíràn wọlé kí ó tó kó kòkó rẹ̀. Òjò náà kò rọ̀. Wọ́n tún gbé e jáde.

Bùnmi wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, bàbá rẹ̀ ti dá okùn ohùn padà bí ó ṣe rí Bùnmi tó ń ṣe é, ó ti kó bátìrì sí i, ó sì tún ti ń kó wọn jáde.

"Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀," ó ní. "Ó yí. Kò sọ nǹkan kan. Ìbá dára kó rí oòrùn ọ̀la."

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ lò ó, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ kó bátìrì padà sí i, ó de ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ó sìn ín dé ibi tí lọ́rì wà. Ìyá rẹ̀ kò jáde. Láti inú ilé ìsìn ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì fi omi gbàdúrà lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Tàwàkálítù wo ojú rẹ̀.

"Ta ló kú?"

Bùnmi sọ fún un.

Tàwàkálítù jókòó. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Tí kò bá sọ̀rọ̀, bátìrì ló kú. Bátìrì kì í sẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu. Bùnmi gbé e lọ́kàn dé gbọ̀ngàn.

Alábẹ̀wò náà jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀gá àgbà. Ó jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín tó ń fi pẹ́ńsùlù gbá orúnkún rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. Bùnmi ń wo ọwọ́ olùkọ́ náà. Ó rí i pé tí ẹ̀rọ náà kò bá sọ̀rọ̀, ojú ọkùnrin yìí ni ìtìjú yóò kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ọwọ́ náà súnmọ́ bọ́tìnnì, Bùnmi dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Omi ti wọ inú rẹ̀."

Ọwọ́ náà dúró.

"Omi wo?" ọ̀gá àgbà béèrè.

"Omi àdúrà, sà. Èmi ni mo gbé e síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà sí nǹkan nílé wa. A sá a. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbẹ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì dákẹ́ kíákíá. Ọ̀gá àgbà bojú wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí orúkọ Bùnmi wà nínú rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," alábẹ̀wò náà sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé dá okùn ohùn padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Okùn náà yí. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ bí epo tó ń gbóná, ohùn Màmá Oyèlọlá sì jáde láàárín rẹ̀, ó ń ka orúkọ igi. Kò sẹ́ni tó mira títí ó fi ka èyí tó kẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé na ọwọ́ láti pa á. Ohùn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ti ọkùnrin ni. Bùnmi kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"…kò sọ nǹkan. Elizabeth, dìde, má sunkún mọ́. Ìwọ kò mọ̀, òun náà kò rántí."

"Bí wọ́n bá lé e ńkọ́?"

"Màá lọ. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo da omi sí i. Kí ni wọn yóò fi mí ṣe, èmi tí n kò lọ sílé-ìwé? Ọma mi kò ní padà wá yí kòkó."

Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ nílé wọn. Ariwo epo gbígbóná náà ń bá a lọ. Bùnmi ń wo ilẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń gba ohùn wà lára èyí tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lánàá. Ní ogún ọdún, kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nípa òun rí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé pa ẹ̀rọ náà. Alábẹ̀wò náà ti dẹ́kun gbígbá orúnkún rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Bùnmi bóyá ìyá bàbá rẹ̀ lè fi èyíkéyìí nínú àwọn igi náà han ènìyàn. Bùnmi dáhùn pé ó ku mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ọ̀gá àgbà sin àlejò títí ó fi lọ. Nígbà náà ló pe Bùnmi sí ọ́fíìsì.

"O ò ní tọ́jú ẹ̀rọ mọ́," ó ní. "Fún Tàwàkálítù ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí à ń tì í mọ́." Ó pa ìwé náà dé. "Kí bàbá rẹ má wá. Mo ti gbọ́ ọ. Padà sí kíláàsì."

Ìsinmi oṣù Kejìlá ni Bùnmi tó tún rí ilé. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo àpò tó wà lọ́wọ́ Bùnmi.

"Ṣé ti ìjọba ni?"

Bùnmi ṣí àpò náà. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, èyí tí kì í fi han ẹnikẹ́ni, ó gbé e sórí aṣọ funfun náà. Ó ronú díẹ̀, ó sì sún un sí etí kan.

"Tèmi ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n yíǹkì ni mo fi kọ ọ́, ìyá mi. Ẹ rọra wọ́n omi yẹn."