Ìyá Àdúrà àti Odídẹrẹ́ Tó Ń Sá fún Ọwọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo bá ti rí ẹyìn lọ́jà Orè. Ẹyìn ni ìyá àdúrà ìjọ wa fi ń tu odídẹrẹ́ rẹ̀ lójú. Ẹni tó kọ́kọ́ sin ẹyẹ náà ti fa gbogbo ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀ tu, nítorí náà, bó bá rí ọwọ́ èèyàn, igbe ni yóò fi ta.

Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà tí àwa ará ìjọ ń ṣe nílé rẹ̀, màmá á gbé ẹyìn kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, á ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, á dúró jẹ́ẹ́.

"Ọkọ mi, mi ò ní fa nǹkan kan tu lára rẹ."

Ìyẹ́ pupa ti hù padà kí ẹyẹ náà tó bà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe halelúyà ni alàgbà ìjọ wa na ọwọ́, ó sì fa ẹyọ kan tu!

"Màmá, ẹ má bínú, fìlà ìkórè mi ni mo fẹ́ fi í sí."

Màmá ní, "Alàgbà! Ṣé ọwọ́ tí ẹ ń gbé lé wa lórí náà nìyẹn?"

Ẹyẹ náà sá padà sí igun àgò. Lọ́jọ́ kejì, màmá tún gbé ẹyìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n mọ màmá.

Alàgbà ṣì ń gbé ọwọ́ lé wa lórí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bó bá kàn mí, mo máa ń yẹrí.