Agolo Mílíìkì Ojú Fèrèsé

Ẹ bá mi kí agolo mílíìkì ọmọdé, ọba láàárín agolo, àlejò pàtàkì láti Àbíjáǹ, tí kì í bá iyọ̀ àti ata gígún gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú fèrèsé pálọ̀ ni ààfin rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá ní títì lè rí i. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Èjìgbò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, agolo la fi ń mọ ọkọ tó ríṣẹ́. Bí mílíìkì inú rẹ̀ tán, òfìfo kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Èmi tí mo ka ìwé dé yunifásítì ní ọmú nìkan ni n ó fún ọmọ mi títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Kò sọ bí a ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọkọ.

“Ìyàwó, ṣé ọmọ mi ò fún ọ lówó oúnjẹ ọmọ ni?”

“Ó ń fún mi, mà. Ẹ̀yin náà ṣáà fún un lọ́mú nígbà tí ẹ bí i.”

“Èmi ò lówó nígbà yẹn ni o! Ìwọ tó kàwé, ṣé o fẹ́ jọ mí ni?”

Aládùúgbò wa tó ti Àbíjáǹ dé a máa yọjú: “Bọ́ńjúù, ìyàwó! Ọmú náà ṣì ni? Ẹ rọra o, kí ọmọ má lọ fà yín mu tán.” Agolo mẹ́ta ló wà lójú fèrèsé tirẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, ògì ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìsinmi ìbímọ parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní ìlú Ara. Láàárọ̀, mo fún wàrà ọmú sínú ife, mo bò ó, mo sì fi lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé, wàrà ti mú búláùsì mi rin gbingbin, ògì sì wà létè ọmọ mi.

“Ife yẹn ńkọ́, mà?”

“Mo ti dà á nù. Ṣé màlúù Fúlàní ni ọ́ ni?”

Inú bí mi. A kì í pariwo mọ́ ìyá ọkọ, nítorí náà mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Oṣù mẹ́fà mi parí sí oṣù mẹ́ta. Bí ọmọ yóò bá kúkú jẹ nǹkan mìíràn kí n tó dé, mo rò pé mílíìkì sàn ju ògì lọ. Mo lọ sọ́jà, mo ra agolo kan.

Mo gbé e sójú fèrèsé. Mo sì yí iwájú rẹ̀ sí títì.