Ohun Tí Ọkọ Mi Sọ fún Oníkọ̀ǹpútà

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni mo kọ́kọ́ kórìíra ọkọ mi. N kò ní fi bò. Àwọn tó ń sọ pé ọdún kìíní ìgbéyàwó dùn bí oyin, ó ní láti jẹ́ pé omi ń yọ nínú ilé tiwọn.

Awoyaya la ń gbé nígbà náà, lásìkò tí wọ́n ń hú ọ̀nà márosẹ̀ láti Ajah wá, tí eruku pupa ń bá wa jẹun nínú àwo. Ilé náà dára lójú. Onílé kùn ún ní funfun, ó fi táìlì dídán sílẹ̀ rẹ̀, ó sì gbàgbé pé ènìyàn ni yóò gbé inú rẹ̀. Lóṣù kìíní, ilẹ̀kùn ilé ìdáná já. Lóṣù kejì, fíríìjì tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ta wá lọ́rẹ dákẹ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ gbogbo irin ilé náà, títí dórí àgádágodo géètì. Nígbà tó di oṣù kẹta, pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga kú.

Ká ní ilé bàbá mi ni, à bá ti ránṣẹ́ pe bàbá oníná tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Bàbá tiẹ̀ kò jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan wọlé òun títí ó fi kú. Gbogbo nǹkan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ọkọ mi sì ti sọ èyí di ẹ̀sìn. Ọ́fíìsì kan ní Lekki ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ìwé ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti bàbá rẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà.

"Ṣé ọkùnrin mìíràn ni kó wá máa tún ilé mi ṣe lójú mi?" ló bi mí.

"Tí kò bá lè ṣe é lójú ẹ, kó ṣe é lẹ́yìn ẹ," ni mo fèsì. "Omi ni mo fẹ́, èmi."

 Èmi ìyàwó tuntun, mò ń ru bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò bí ẹni tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà.

Mo sì ní iṣẹ́ tèmi. Mò ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ fún oyè kejì ní yunifásítì, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kó o fún àwọn olùkọ́ mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ sí Eleko, tí mò ń jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó ń yan ẹja létí òkun, tí mò ń kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbì àti afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún ìgbì tó ń dá ọkọ̀ padà sí èbúté, wọ́n sì ní fún afẹ́fẹ́ tó ń lé ẹja sá. Àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Méjì nínú àwọn ìyá náà ti kú kí n tó kọ ọ́ tán. Inú kọ̀ǹpútà mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì kan, ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà náà ni mo máa ń fi fláàṣì ọ̀hún sí. Ẹ lè pè mí ní òmùgọ̀. Mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ọkọ mi já wáyà pọ́ǹpù, ó ní iná ìjọba ni kò tó o, ó fẹ́ so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó ní òun ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Bó ṣe tan jẹnẹrétọ̀ tán báyìí ni iná ìjọba dé, àwọn méjèèjì sì pàdé lórí wáyà kan náà. Mo gbọ́ pàá lára ògiri. Gílóòbù mẹ́ta fọ́. Kọ̀ǹpútà mi ṣókùnkùn níwájú mi, òórùn rọ́bà tó ń jóná sì ń jáde lára fláàṣì.

Ọkọ mi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé. "Ṣé omi ti ń yọ?"

Mo bú u. Mo bú bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí kò yẹ kí n ṣe, torí òkú ni. 

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà, ó ní òun ń gbé e lọ bá oníkọ̀ǹpútà kan ní Ajah. Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tí kì í pe oníṣẹ́ ọwọ́ ń lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ nítorí mi. Mo tiẹ̀ se ìrẹsì dè é.

Ó dé lọ́sàn-án, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti jí o. Ó tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo ṣí i. Lóòótọ́ ló yá. Kò sí ẹrù kankan tó ń fà mọ́. Òfìfo ni.

N kò dúró bá a jà. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ajah, mo wá oníkọ̀ǹpútà náà rí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, no vex," ló wí. "Fáìlì yín ò jóná, Windows ló dàrú. Mo bi ọ̀gá, mo ní ṣé nǹkan important wà níbẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọ̀la kí n lè kó o jáde. Wọ́n ní ti ìyàwó àwọn ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí n sáà fọ́máàtì ẹ̀ sharp sharp."

Ó gbìyànjú títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó rí yọ ni àwòrán ìgbéyàwó wa mẹ́rìnlá.

Mo ti pe ọkọ mi lórí fóònù kí n tó wọlé, torí náà orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a ní pálọ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí."

"Kí ni kí n dárí ẹ̀ jì ẹ́?"

"Nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹ."

"Iṣẹ́ lórí kí ni?"

 Ó ronú. "Lórí ẹja," ló wí.

Oṣù mẹ́rin ló ti ń jẹ ẹja yíyan tí mò ń gbé bọ̀ láti Eleko. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ni mò ń lọ ṣe níbẹ̀. 

Mo ní kó má dìde. Mo fa àga, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un látorí ìgbì kìíní, orúkọ rẹ̀, ìgbà tó máa ń dé, àti ìyá tó sọ ọ́ fún mi. Mo sọ ìkejì. Nígbà tí mo dé orí ìkẹta, tí í ṣe ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ti kú, mo rí i pé n kò rántí orúkọ ìgbì náà mọ́. Ọkọ mi ń wò mí lẹ́nu, ó ń dúró.